Kàrò Ilé Ìwẹ̀ àti Ọta Ìbọn

                                        Ilé Bàbá Raphaël,
                                        Ẹ̀bá Ọjà, Pobè.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, Oṣù Kẹjọ, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi Damien ọ̀wọ́n,

Ó yé mi! Ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta ní Onígbòlò ni mo dúró sí, tí wọ́n ń da òkúta sínú ọkọ̀ akẹ́rù kan, tí kò sì dún gbàmù bíi ti àwọn ọkọ̀ tó kù. Mo bi awakọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní rọ́bà àlòkù lòun tẹ́ sábẹ́ irin tí òkúta ń balẹ̀ lé, kó má baà ba ọkọ̀ òun jẹ. Ohun tí mo kàn há sórí nípa asà fún ọdún méjì ní ilé ẹ̀kọ́ ní Lyon bá dé bá mi níbẹ̀: ohun líle níwájú, kó fọ́ ọta ìbọn, ohun rírọ̀ lẹ́yìn, kó gba agbára tó kù.

Ẹ jọ̀ọ́, ayọ̀ ni kò jẹ́ n kọ́kọ́ kí yín. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́ Kutọnu. Ṣé ẹsẹ̀ yín ti fúyẹ́? Ìyàwó yín Jádesọ́lá ńkọ́? Ṣé Jọmílójú ti ń rìn? Ara wa le níbí. Ìyá wa kì í dá mi lóhùn mọ́ tí mo bá sọ Faransé, ẹ ò rí i pé ó ti ń hàn nínú ìwé tí mò ń kọ!

Bí mo ṣe délé, ọ̀dọ̀ Fálúyì ajórin ni mo sáré lọ. Ẹ mọ ẹnu rẹ̀. Mo kó kàrò, táìlì líle tó ṣẹ́kù nígbà tí a tẹ́ ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ síwájú rẹ̀, ó bá pariwo pé, “Ẹ wá wo ọmọ yovó, òyìnbó aláwọ̀ dúdú o! Kàrò ilé ìwẹ̀ ló fẹ́ fi dá ogun dúró!” Síbẹ̀ ó ṣe é. A lẹ kàrò ní ìpele mẹ́ta, a fi rọ́bà sẹ́yìn, ó fi irin dì í yípo. Asà mi nìyẹn.

Ní Sátidé a gbé e lọ sóko Bàbá Ògúnṣínà ní Aguidi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni baba yìnbọn ọdẹ wọn sí i. Kàrò fọ́ yángá, ṣùgbọ́n ẹyọ ọta kan ò yọ lẹ́yìn! Mo fò títí bàtà mi fi sọnù sáàárín ẹ̀gẹ́. Baba ní kí n má jẹ́ kí àwọn ìgalà gbọ́ o.

Àṣé ẹ̀gbọ́n mi Séverin ń wò. Ẹ mọ̀ pé ìsinmi ló wá lò, Ọjọ́ Ajé ló ń padà sí apá àríwá, sídìí ọkọ̀ ológun tó ń wà. Ó fọwọ́ kan asà náà, ó ní, “Fálúyì, ṣe ìkejì. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi ló ń lọ.” Fálúyì ti ṣe é tán. Ìyá wa ti ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé àbúrò ti rán aṣọ irin fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Mo ṣàlàyé fún un pé ìbọn ọdẹ kọ́ ni ìbọn ogun, pé ọta tiwọn lọ́hùn-ún yára ju ti baba lọ fíìfíì, pé ìdánwò lásán là ń ṣe. Ó dáhùn pé, “Grâce, ojoojúmọ́ ni ẹ̀rù ń bà mí nínú ọkọ̀ yẹn. Èyí ló kọ́kọ́ fi mí lọ́kàn balẹ̀. Má gbà á lọ́wọ́ mi.”

Ẹ̀gbọ́n, ìbẹ̀rù yẹn náà ló ń mú un yà kúrò lọ́nà tí kò dá a lójú. Tó bá gbójú lé kàrò mi, tó wakọ̀ gbabẹ̀ ńkọ́? Olùkọ́ mi ní Lyon ti gbà láti fi ìbọn tòótọ́ dán an wò, inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun, ṣùgbọ́n ó di Oṣù Kẹwàá.

Félicité, alábàágbé wa tó ń ná ọjà Kutọnu, ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀. Tí mo bá pè yín lórí fóònù, Séverin á gbọ́. Ìyá wa kí yín. Fálúyì náà kí yín, ó ní ẹ ṣì jẹ òun ní ẹran ìgbẹ́.

Ẹ ti jókòó nínú irú ọkọ̀ yẹn rí kí ẹsẹ̀ yín tó dà bẹ́ẹ̀. Ká ní wọ́n gbé asà tí kò dájú fún yín lọ́jọ́ náà, ṣé ẹ̀ bá gbà á, àbí ìbẹ̀rù yín lẹ bá mú dání? Ṣé kí n jẹ́ kó gbé asà kejì yìí lọ, àbí kí n fọ́ ọ mọ́lẹ̀ lójú rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi kí Ọjọ́ Àìkú tó tán.

Èmi ni àbúrò yín tí ojú rẹ̀ wà lọ́nà,
Grâce.