Ọmọ Iṣẹ́ Tí Kò Ní Òbí

Olúwaṣìkẹ́mi ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé ilẹ̀ Gàbọ́ọ̀nù ò lé ọ? Omi òkun tó wà lágbègbè yín kò ní gbé ọ lọ, ohun tó ń ṣe ọmọ àjèjì lájò kò ní mọ ilé rẹ ní àdúgbò Kalikak. Àwa náà wà láyé, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Orúnkún ìyá rẹ nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo lọ gba owó ní báńkì, wọ́n ní kí n tẹ ìka mi mọ́ ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ náà ní òun ò mọ̀ mí. Mo ní kí wọ́n lọ bi mánijà wọn, ó mọ̀ mí dáadáa, èmi ni mo rán ṣòkòtò tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ẹ̀rọ ò gba ẹlẹ́rìí. Irú báńkì wo nìyẹn!

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mo kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Sheriffdeen tó ń ta aṣọ ní Rio, lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, wá kí àwọn òbí rẹ̀ nílé, mo sì fún un ní lẹ́tà yìí pé kó fi lé ìwọ gan-an lọ́wọ́, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ rẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti mọ̀ pé o ti ní ọmọ iṣẹ́.

Bí mo ṣe mọ̀ nìyí. Lọ́jọ́ tí mo sọ̀rọ̀ sínú Wásáàpù pé orúnkún ń dun ìyá rẹ, kí n tó ṣẹ́jú èsì ti dé, ó gùn bí ìwàásù ọjọ́ Kérésì. "Bàbá mi ọ̀wọ́n" ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìwọ tí o ń pè mí ní Bàámi láti kékeré! Ó kí mi, ó kí ìyá rẹ, ó kí gbogbo ẹbí, ó to ohun tí a lè ṣe sí orúnkún lọ bẹẹrẹ, ó wá parí ẹ̀ pé ṣé mo fẹ́ kí òun tún un kọ kó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní háà, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé rèé! Mo fèsì pé kó má wulẹ̀ gé e, kò sí ohun tó ń lé wa. Mo béèrè pé ọmọ ta ni, ìwọ lo wá dáhùn pé kí n má bínú, iṣẹ́ ló pọ̀. Èmi ò bínú o. Òbí ọmọ ni mò ń béèrè.

Mo bá lọ bá Símilolúwa, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ wa. Ó ní ẹ̀rọ kan ni ẹ̀yin oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń lò báyìí, téèyàn bá ti sọ ohun tó fẹ́ fún un, á ṣe é. Mo ní ṣebí ohun tí à ń pè ní ọmọ iṣẹ́ náà nìyẹn. Ọkàn ìyá rẹ ò balẹ̀ láti ìgbà náà. Ó ní ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin, torí yàrá kan ṣoṣo lo ní, o ò sì tíì lọ́kọ. Símilolúwa ní inú kọ̀ǹpútà ló ń gbé. Ìyá rẹ ní kó o máa pa kọ̀ǹpútà náà dé kó o tó pààrọ̀ aṣọ.

Ohun tó ń kọ èmi lóminú ni pé kò sẹ́ni tó mú un wá. Ọmọ iṣẹ́ kì í dédé wọ ṣọ́ọ̀bù. Òbí rẹ̀ á mú un wá, a ó ṣe àdéhùn, a ó gbàdúrà, kí ọ̀gá lè mọ ilé tó máa lọ bí ọmọ bá ba aṣọ oníbàárà jẹ́. Tí tìrẹ yìí bá ba nǹkan jẹ́, ilé ta la máa lọ?

Sheriffdeen ti sọ ìyókù. Má bá a jà, èmi ni mo wá a lẹ́nu wò. Ó ní patron yín, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá lọ́hùn-ún, Clément yẹn, ti ní kí Jean-Claude tó ń jókòó tì ọ́ máa lọ sílé, pé ọmọ iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ń bà ọ́ pé ìwọ ló kàn, pé kíka ohun tí ẹ̀rọ kọ ló kù tí ò ń ṣe, o ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ ṣì mọ iṣẹ́. Pé o ti rù. Pé o ní kó má sọ fún wa. Ṣìkẹ́mi, ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an ni.

Gbọ́ mi. Sàlàkọ́ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ, gbogbo abúlé ló mọ̀. Mi ò torí ìyẹn pa ṣọ́ọ̀bù tì. Mo fi rírán sílẹ̀ fún un, mo di sísọ́ọ̀sì mú, torí ẹni tó ń gé aṣọ ló mọ ara tí aṣọ náà máa wọ̀. Bí ẹ̀wù bá sì fún ọkọ ìyàwó lọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọn kì í bú Sàlàkọ́, èmi Mákindé ni wọ́n ń wá bú. Fi ọ̀wọ̀ bi Clément léèrè pé lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá dàrú, ta ló máa pè. Tó bá ní ọmọ iṣẹ́ ni, kí Ọlọ́run ṣàánú àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ní ti ọmọ iṣẹ́ náà, mo ti rò ó: tètè ṣe firídọ́ọ̀mù fún un kó máa lọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ tó báyìí, tó bá pẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, oníbàárà ló máa kó lọ. Ṣùgbọ́n kó má ṣí ṣọ́ọ̀bù síwájú tìrẹ o! Kó lọ sí àdúgbò Venez-Voir lọ́hùn-ún, Sheriffdeen ní èrò pọ̀ níbẹ̀. Mo fi téèpù tuntun kan rán Sheriffdeen sí i, kó lè rí nǹkan fi wọn aṣọ bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ fi gààrì kún un. Símilolúwa ní kì í jẹun. Mo ní ẹ sáà gbé e síwájú rẹ̀ ná.

Tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, bá wa fi díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra páànù, òjò ti ń jò sórí máṣíìnì. Tí kò bá sí, má lọ yá owó o, a ó máa fi ọ̀rá bò ó. Tí Clément bá sì lé ọ, máa bọ̀ nílé. Wọ́n lè lé èèyàn kúrò nídìí iṣẹ́, wọn kì í lé èèyàn kúrò lọ́mọ.

Ọlọ́run tó fún ọ lọ́pọlọ kò ní gbà á padà. Ọwọ́ rẹ kò ní gbàgbé iṣẹ́. Ẹlòmíì kò ní jókòó sí àga rẹ. Wàá jẹ èrè ìyà tó o jẹ lájò, ojú wa á sì rí i. Àmín.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Tí ọwọ́ rẹ bá dí, jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ máa bá ọ kí wa, ó mọ èèyàn kí. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ti ẹkún, má rán an. Pè mí, kó o fúnra rẹ sunkún sí mi létí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àrẹ̀mú Mákindé, télọ̀.