Wáyà Dúdú Mẹ́rin Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Bàbá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ìsinmi. Màmá náà kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò mọ̀ pé ìwé ni mo ń kọ. Wọ́n rò pé àdúrà ni mo jókòó ṣe, mi ò sì bá wọn jiyàn. Ara wọn le, a dúpẹ́. Wọ́n ṣì máa ń gbé àwo yín sílẹ̀ mọ́ tiwa nígbà oúnjẹ, wọ́n á wá rántí, wọ́n á dá a padà. Òjò pọ̀ ní Ìlobù lọ́dún yìí, àgbàdo ẹ̀yìnkùlé sì ti ń gbó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ìdí ìwé yìí. Mo so wáyà ọkọ̀ ojú omi. Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Àwa tó jẹ́ rédíò bọ́ọ̀sì tó ń ná Òṣogbo àti gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí la fi ń jẹun, kí ló pa wá pọ̀ mọ́ omi? Alájì kan ní Ìfọ́n ló ra ọkọ̀ náà. Wọ́n gbé e sórí dáàmù, níbi tí wọ́n ti sé odò, kí àwọn tó fẹ́ gbafẹ́ lè máa wọ̀ ọ́ nígbà ọdún. Wọ́n fẹ́ kí orin inú rẹ̀ dún débi pé ẹni tó dúró létí omi á máa jó. Anpilifáyà mẹ́rin, sípíkà mẹ́wàá. Ẹ̀yin ni Alájì wá bèèrè. Wọn ò tíì gbọ́ pé ẹ ti lọ. Nígbà tí mo sọ ọ́, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì yín, wọ́n káwọ́ lérí, lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí bóyá èmi lè ṣe é.

Kí n tó dáhùn, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé inú ń bí mi sí yín nígbà náà. Ẹ kú, ẹ ò ṣe fírídọ̀mù fún mi. Gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín ni ẹ gbé ọwọ́ lé lórí, tí ẹ gbàdúrà fún, tí ẹ fún ní sukudiráfà tuntun níṣojú àwọn òbí rẹ̀. Àwọn tó bá mi níbẹ̀ gbà á. Àwọn tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ gbà á. Èmi ṣì wà nídìí iṣẹ́, mò ń bó wáyà. Mo bi yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ní ó ku díẹ̀. Mo rò pé torí pé mo jẹ́ obìnrin ni, tàbí pé torí pé ọmọ yín ni mí, ẹ rò pé kò sí ibi tí mo ń lọ.

Lẹ́yìn fìdáù yín, ẹgbẹ́ àwa tí ń tún rédíò ṣe ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní ẹni tí kò gba fírídọ̀mù kò gbọdọ̀ dá ṣọ́ọ̀bù ṣí. Kí n lọ fi ọdún méjì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, tàbí kí n ti ilẹ̀kùn. Mi ò lè bá wọn jà, torí ẹ̀yin náà wà lára àwọn tó ṣe òfin yẹn. Bàbá Wàsíù ni ẹgbẹ́ ní kó dá ẹjọ́ mi, Bàbá Wàsíù ará Ìfọ́n tí ẹ jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, tó jẹ́ pé láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti da àárín Ìlobù àti Ìfọ́n rú, Ẹ̀rìn lẹ ti máa ń lọ pàdé kí ẹnu àwọn èèyàn má baà tó yín. Wọ́n ní kí n lọ ṣe ọkọ̀ Alájì, kí n má pe ẹnikẹ́ni sí i. Àwọn á wá gbọ́ ọ. Bí kò bá dára, kí n mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù dání wá.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Mo gbé bátìrì síbi tí omi ò lè dé. Mo fi fíúùsì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, torí ẹ máa ń sọ pé ẹni tó ń ṣọ́lé kì í sùn sí àdúgbò kejì. Mo fi gírísì pa gbogbo ibi tí wáyà ti so mọ́ra. Anpilifáyà méjì gbé béèsì, méjì gbé ohùn olórin. Mo rẹ gbogbo wọn sílẹ̀ pátápátá, mo wá ń gbé wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí mẹ́rin bá jọ ń sọ̀rọ̀, èèyàn ò ní mọ èyí tó ń purọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo bá ara mi tí mò ń sọ ọ̀rọ̀ yín jáde lẹ́nu nínú ọkọ̀ náà, èmi nìkan.

Nígbà tó di ọjọ́ ìdánwò, Alájì àti Bàbá Wàsíù wọlé, awakọ̀ ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, mo tan orin. Ó dún, Bàbá. Béèsì yẹn mú àyà. Alájì ti ń mi èjìká. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ nǹkan kan lábẹ́ orin náà, ó tínínrín bí ohùn ẹ̀fọn, bí awakọ̀ bá sì ti ń tẹ ẹ́ńjìnnì ni òun náà ń lọ sókè. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n dúró, nǹkan kan ń kùn nínú rẹ̀.

“Kí ló ń kùn?” Alájì ní. “Ó ti dùn, ọmọ mi.”

Bàbá Wàsíù tẹ́tí, wọ́n tẹ orí sọ́tùn-ún, wọ́n tẹ orí sósì. “Èmi ò gbọ́ nǹkan kan o. Ó ti yege. Jẹ́ ká máa lọ sílé.”

Wọ́n ti ní ó yege. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà nínú àpò mi, ká ní mo kàn dákẹ́ ni, gbogbo rẹ̀ ì bá ti parí. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n padà sí èbúté, iṣẹ́ ò tíì tán.

Ojú tì mí nígbà tí mo rí i. Bọ́ọ̀sì ló ti bà wá jẹ́, àwa tá a wà níbí. Nínú bọ́ọ̀sì, irin tó bá sún mọ́ni jù la máa ń de wáyà dúdú, èyí tí iná ń gbà padà, mọ́, kò sì sí ohun tó máa ṣe. Mo ti kó wáyà dúdú anpilifáyà mẹ́ta lọ sórí bátìrì bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ìkẹrin jìnnà, ó ti rẹ̀ mí, ọwọ́ mi kàn dè é mọ́ irin ẹ́ńjìnnì bó ṣe mọ́ ọn lára. Ariwo ẹ́ńjìnnì ló ń gba ibẹ̀ wọ inú orin. Mo fa wáyà tuntun, mo mú un lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí bátìrì, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pàdé lójú kan. A tún ṣáná. Ẹ̀fọn yẹn ti lọ. Orin nìkan ló kù.

Bàbá Wàsíù ń wò mí. Wọ́n ní, “Bàbá rẹ ti sọ fún mi pé etí rẹ mú báyìí. Ṣé o mọ̀ pé etí rẹ̀ ti lọ?”

Mo ní etí ta ni.

“Etí bàbá rẹ. Ìró tínínrín báyìí, ó ti tó ọdún méje tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ìwọ lò ń bá a gbọ́ ọ. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní bí òun bá ṣe fírídọ̀mù fún ọ, tí o sì lọ, iṣẹ́ òun parí nìyẹn.”

Bàbá, mo jókòó sínú ọkọ̀ yẹn, mo sunkún. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń yí bọ́tìnnì, ojú mi lẹ máa ń wò, ẹ kì í wo anpilifáyà. Ẹ ó ní, “Ṣé ó ti mọ́?” Mo rò pé ẹ ń dán mi wò ni. Ibi tí iwájú orí mi bá ti tú ká lẹ máa ń dúró. Ẹ sì máa ń bá akéde rédíò jà pé imú ló fi ń sọ̀rọ̀, tí èmi àti Màmá á máa rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi? Ṣé ẹ rò pé n ó fi yín sílẹ̀ ni? Mo ti ń pè é ní ìwọ̀sí láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ ò dè mí mọ́lẹ̀, ẹ dì mọ́ mi ni.

Nígbà tí ẹgbẹ́ pé jọ, ẹnì kan ní kí Bàbá Wàsíù ṣe fírídọ̀mù fún mi dípò yín. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, “A kì í ṣe fírídọ̀mù fún ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́.” Wọ́n kọ orúkọ mi sínú ìwé ẹgbẹ́ níbi tí wọ́n ń kọ ti àwọn ọ̀gá sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Ṣọ́ọ̀bù ti ṣí. Ẹ ṣeun, Bàbá. Iṣẹ́ tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́ ò jẹ́ kí ojú tì mí.

Ṣùgbọ́n mi ò lè parí ìwé yìí láìsọ ọ̀kan tó wà nínú mi. Ẹ rántí mọ́ṣáláṣí kan tá a ṣe gbohùngbohùn rẹ̀ ní Ẹ̀rìn. Ọ̀sẹ̀ yẹn lẹ ṣe fírídọ̀mù fún ẹni tó dé lẹ́yìn mi, inú sì ń bí mi gidigidi. Ẹ yí bọ́tìnnì, ẹ wojú mi, ẹ ní ṣé ó ti mọ́. Kò mọ́. Mò ń gbọ́ ọ tó ń kùn. Mo ní ó mọ́, torí mo fẹ́ máa lọ sílé. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ kó irinṣẹ́. Nígbà tó di Jímọ̀, ìkùn yẹn da wáàsí rú, ẹ̀yin lẹ lọ ṣí fìlà, tí ẹ ń bẹ àwọn ọmọ tẹ́ ẹ fi ọjọ́ orí jù lọ. Ẹ ò bá mi wí. Mo rò pé ẹ̀yin náà gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, tí ẹ kàn gbójú fò ó. Ẹ ò gbọ́ ọ. Etí mi nìkan lẹ ní, mo sì fi parọ́ fún yín.

Ní ọjọ́ kejì, a ṣe bọ́ọ̀sì kan ní iwájú ilé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ yí bọ́tìnnì, ẹ gbé ojú sókè wò mí, ẹ sì tún ní, “Ṣé ó ti mọ́?” Ìsinsìnyí ni mo tó mọ bí ìbéèrè yẹn ṣe wúwo tó lẹ́nu yín.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà ṣe ilé yín. Èmi ni, ọmọ tẹ́ ẹ tún gbà gbọ́.