Iṣẹ́ Irin Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Ọmọ Mi

Ilé Kẹrìnlá, Àjà Kẹta,
Ẹ̀yìn Ibùdó Ọkọ̀ Ojú Irin.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bára wọn jà lórí ẹni tó máa sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀, ìwọ nìkan sì ni mo lè sọ ọ́ fún.

O mọ ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba tí àkọ́bí mi obìnrin ń lọ láàárín ìlú, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn níwèé tí wọ́n sì ń kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́. Ọmọ oríṣiríṣi ìran ló wà níbẹ̀. Tí o bá dúró lórí àtẹ̀gùn wọn nígbà tí aago bá lù, wàá gbọ́ èdè bíi mẹ́wàá kí o tó mí lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n á tọ́ gbogbo iṣẹ́ wò: irun ṣíṣe, ọkọ̀ títúnṣe, ìtọ́jú aláìsàn, iṣẹ́ wẹ́dà tí wọ́n fi ń jó irin pọ̀. Lẹ́yìn náà ni kálukú á mú ọ̀kan, òbí á sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.

Wẹ́dà ni ọmọ mi kọ. Èmi tí mo ti ń fọ aṣọ ní ọsibítù láti ọdún mọ́kànlá, tí mo ń rí àwọn nọ́ọ̀sì nínú aṣọ funfun tí mo fọwọ́ ara mi lọ̀, ṣé kí ọmọ tèmi wá lọ máa ráre nínú èéfín? Mi ò bá a jiyàn. Nígbà tó wà ní balùwẹ̀, mo fa ìlà pa ohun tó kọ, mo kọ ìtọ́jú aláìsàn sí i, mo fọwọ́ sí i, mo sì lẹ àpòòwé náà pa. Ara ògiri ilé ẹ̀kọ́ ló ti rí ibi tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí. Ó délé, ó jẹun, ó fọ àwo, kò sọ nǹkan kan. Mo ní ọmọ mi gbọ́ràn. Wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún un.

Ọdún kejì, tó jẹ́ ọdún tí wọ́n máa jáde, ti fẹ́ pé. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, wọ́n pe àwa òbí ká wá wo iṣẹ́ àwọn ọmọ. Mo ṣi ilẹ̀kùn ṣí, mo bá ara mi ní yàrá àwọn wẹ́dà. Olùkọ́ wọn, obìnrin kúkurú kan tí iná ti ta sí lápá káàkiri, bi mí pé ọmọ ta ni mo wá wò. Mo dárúkọ ẹ̀. Ló bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó yọ irin pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n jó pọ̀. Mo fi ìka tọ ojú ibi tí wọ́n ti jó o. Ó jọ̀lọ̀, àfi bí ẹni rán aṣọ. Ó ní ọmọ mi ló jó o, lọ́sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tó kọ́kọ́ fọwọ́ kan iná, òun sì fi ń han gbogbo ọmọ tuntun.

Ó wá ní, "Ó dùn mí pé ó fi í sílẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun fúnra òun lòun yí ọkàn padà, pé ẹ̀yin bẹ òun títí kóun má fi í sílẹ̀."

Ìyá Ìbejì, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ níbẹ̀. Mo kàn ní ẹ ṣeun, mo jáde.

Nílé, mo bi í pé kí ló dé tó fi parọ́ gbè mí lẹ́yìn. Ó ń ká aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fojú burúkú wò yín, Mọ́mì."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní tó bá fẹ́, n óò lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ó ní oṣù kan péré ló kù káwọn jáde, àti pé àwọn arúgbó tóun ń tọ́jú ti mọ́ òun lára, pé kí n má da ara mi láàmú. Ó wá rẹ́rìn-ín sí mi, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn láti máa rẹ́rìn-ín sí aláìsàn. Ká ní ó bínú ni, mo mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ẹni tó bínú.

Bá mi kí bàbá wọn, kí o sì dì mọ́ àwọn ìbejì fún mi. Èyí tó máa ń tú rédíò palẹ̀ nínú wọn, jọ̀wọ́, má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Tìrẹ náà ni mí, pẹ̀lú gbogbo àṣìṣe mi,

Ìyá Alágbàfọ̀.