Ọ̀nà Itẹ́ Òkú Ostby Kò Ní Í Di Oko

Ilé Brekke,
Ojú Ọ̀nà Itẹ́ Òkú,
Ostby, Minnesota.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1987.

Arvid, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n tó sá fún òtútù,

Báwo ni oòrùn Arizona? Ṣé ó ti yan ọ́ gbẹ bí ẹja? Verna ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le, àfi etí òsì tí kì í gbọ́ ohun tí kò bá wù ú. Yìnyín ṣì bolẹ̀ níbí, nítorí náà má fi fọ́tò ara rẹ nínú ṣòkòtò péńpé ránṣẹ́ sí mi mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń wò lẹ́yìn oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà itẹ́ òkú wa ló mú mi kọ̀wé. Duane Stoltz, ọmọ Herman, tó jẹ́ alága ìlú báyìí, fẹ́ kí a pa ọ̀nà náà rẹ́. Oko rẹ̀ wà lọ́tùn-ún, oko rẹ̀ wà lósì, ọ̀nà yẹn nìkan ló là á láàárín. Ó ní kò sí ẹni tó ń gbabẹ̀ mọ́, kí òun tú u, kí òun gbin àgbàdo dé etí odò. Àbí èmi kì í ṣe ènìyàn ni? Láti ìgbà tí a ti sin Borghild ìyàwó mi, kò sí ọjọ́ Àìkú tí n kì í gbabẹ̀ lọ kí i.

O mọ bí ilẹ̀ wa ṣe tẹ́ bí tábìlì, tí àwọn awọnlẹ̀ fi ọ̀nà gé e sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, àfi ibì kan ṣoṣo tí ọ̀nà itẹ́ òkú ti yà bàrá. Àwọn olùkọ́ ní nítorí pé ayé rí roboto ni. Àwa mọ̀ pé bàbá bàbá rẹ ló di ṣéènì ìwọnlẹ̀ mú lọ́jọ́ náà, ọtí sì wà lápò rẹ̀. Nígbà tí rélùwéè gba ibòmíràn kọjá, ilé ìtajà kó lọ tẹ̀lé e. Ilé ìṣebọ́tà tì. Duane ń kó koríko sí ilé ẹ̀kọ́ wa. Ṣọ́ọ̀ṣì jóná. Ìwọ náà gba Arizona lọ. Àwọn òkú nìkan ni kò tíì kó lọ. Bí a bá wá dínà mọ́ wọn, kí ni a ó máa pè ní Ostby?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a ṣe ìpàdé ọdọọdún. Ṣebí o mọ àṣà wa: ẹni tó bá sọ̀rọ̀ jù ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ lé lórí. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi máa ń mu kọfí tí a ó sì máa wo bàtà wa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí mo dìde.

Mo ní, "Duane, ìyá ìyá rẹ wà níbẹ̀ o."

Ó ní, "Bàbá Selmer, ẹ jọ̀ọ́. Òkú kì í wa mọ́tò."

Mo ní, "Àwa tó kàn láti lọ ńkọ́? Ṣé ẹ máa jù wá sílẹ̀ látinú ọkọ̀ òfuurufú ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí kọfí fi dà nù. Lavonne akọ̀wé ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀nà wà nawọ́. Ọwọ́ pọ̀ lọ jàra. Ti ìyàwó Duane wà níbẹ̀. Èmi ń wá fìlà mi kí n máa lọ ni ọmọ Herman bá tún dìde, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó dáa, ọ̀nà wà. Ipò alábòójútó ọ̀nà sì ṣófo. Bàbá Selmer ni mo fà kalẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ ọ̀nà, ẹ wá tọ́jú ẹ̀."

Ọwọ́ tó nà sókè lẹ́ẹ̀kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Ó rò pé yóò sú mi kí yìnyín tó yọ́. Ọmọdé ni. Ọ̀nà kì í dí mọ́ aládàá, katakata ìlú sì ti wà lábẹ́ àṣẹ mi. Lánàá mo jókòó ti ẹni tó ń wà á, mo ní yìnyín ọ̀nà itẹ́ òkú ni kó kọ́kọ́ gbá, ti ẹnu ọ̀nà Duane ni kó ṣe kẹ́yìn. Bí odò bá kún, mo máa tún afárá ọ̀nà náà ṣe. Bí n kò bá lè tún un ṣe fúnra mi, mo máa jókòó sórí àga níbẹ̀, mo máa pariwo mọ́ àwọn tó lè tún un ṣe.

A wa katakata náà títí dé ẹnubodè itẹ́ òkú. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo sọ fún Borghild pé ìjòyè ló fẹ́. Kò dáhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń ṣe tí inú rẹ̀ bá dùn.

Bá mi kí Verna, kí o sì sọ fún un pé mo ní ó ṣì lè rí ọkọ gidi.

Èmi tó ń bá ọ ṣọ̀rẹ́ tipátipá,
Selmer Brekke,
Alábòójútó Ọ̀nà, Ostby.