Ẹni Tó Ń Kan Ògiri

Revati, ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ìfaradà èrò Mumbai. Vithoba, òrìṣà wa, tó mú mi lọ tó mú mi bọ̀ kò ní gbójú kúrò lára rẹ. Ìyá rẹ wà dáadáa, orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tí òtútù bá mú. Ẹfọ̀n wa ti bímọ, akọ ni, inú ìyá rẹ kò dùn torí akọ kì í fún ni ní wàrà, mo sì bi í pé ṣé ó fẹ́ ká dá a padà ni. Ojú mi tí dókítà tọ́jú ti ń ríran ju bó ṣe yẹ lọ, mo ti wá ń rí gbogbo ìdọ̀tí inú ilé, ìyá rẹ ní kí n dákẹ́.

O máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ sọ, fóònù kò gbà á. Bí ènìyàn bá dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, ẹni tó wà lódì kejì á máa pariwo hẹ́lò, hẹ́lò, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí gba kí n máa dákẹ́ láàárín rẹ̀.

O mọ̀ pé ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ, kí oòrùn tó mú ni o sì ti ń sáré lọ wọ ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí mo ka gbogbo òrùlé tó wà níwájú fèrèsé rẹ tán, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé yín. Wọ́n fi irin yí i ká, wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sùn, kò gbọdọ̀ jẹun, kò gbọdọ̀ tẹ koríko. Mo rò ó títí, mi ò mọ ohun tó kù tí ènìyàn lè fi ọgbà ṣe. Mo rí àwọn kan lórí irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, wọ́n ń rìn, wọ́n ń làágùn, wọn kò sì kúrò lójú kan. Àánú wọn ṣe mí. Mo bi ọ̀kan pé níbo ló ń lọ, kò dá mi lóhùn, ó ní nǹkan létí.

Kò pẹ́ ni mo gbọ́ ẹ̀rín. Revati, nǹkan bí ogún arúgbó, lọ́kùnrin lóbìnrin, wọ́n dúró yípo, wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín kèékèé, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sọ ohun tó ń pa ni lẹ́rìn-ín. Mo rò pé wọ́n ti jẹ ohun tí kò dáa. Mo sáré lọ bá ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé kó wá gba àwọn ènìyàn là. Ó ní, Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹgbẹ́ ẹlẹ́rìn-ín nìyẹn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rín in, fún ìlera ni. Mo ní kí ló dé tí wọn kò rín in nílé. Ó ní ẹni tí wọn yóò bá rín in ni kò sí nílé.

Lọ́jọ́ kejì, olórí wọn, Ìyá Lobo, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fà mí wọ agbo. Ìtìjú ni mo fi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mo mọ̀ ọ́n rín. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣe mí, mo kọ ọ́ pé kí wọ́n dúró lábẹ́ igi ńlá Kolewadi, abúlé wa, kí wọ́n pariwo, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ yóò wá. Wọ́n fi ìyẹn rẹ́rìn-ín gidi, mi ò sì mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Wọ́n tún fi orúkọ mi sínú fóònù wọn. Láti ìgbà náà wọ́n ń fi òdòdó ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù láràárọ̀, mo sì ń gun òkè lọ síbi tí fóònù ti ń mú, kí n lè dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má náwó lórí òdòdó mọ́, a ní i lóko.

Ọkùnrin tó jókòó tì mí náà ń kọ fọ́ọ̀mù. Kamat lorúkọ rẹ̀, ó tó ẹni àádọ́rin ọdún, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ló ti ṣiṣẹ́ rí. Ibi tí wọ́n ti bèèrè ẹni tí wọn yóò pè yẹn, kò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Mo ní kí n bá a wò ó bóyá kò rí i, ni mo bá rí àdírẹ́sì rẹ̀: ilé yín, àjà kọkànlá, ilẹ̀kùn kẹrin. Revati, ilẹ̀kùn kẹta ni tìrẹ.

Mo ní, ẹ̀gbẹ́ ọmọ mi lẹ ń gbé o. Ó wò mí, ó ní, ọmọ tó ní bàtà pupa yẹn? Ó ní òun mọ bàtà náà dáadáa, ẹnu ọ̀nà ló máa ń wà, ṣùgbọ́n bí òun bá rí ojú ẹni tó ni ín lójú títì, òun kò ní dá a mọ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ ti jọ ń gbé ibẹ̀.

Mo bèèrè ìyàwó rẹ̀. Ó ní ó kú ní àsìkò òjò, lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan. Àwọn méjèèjì jọ jókòó lórí ibùsùn ni, ìyàwó òun sì ṣubú lé òun láyà. Òun kò lè gbé e kúrò, fóònù wà ní yàrá kejì, ni òun bá na ọwọ́ sẹ́yìn, òun ń kan ògiri. Ó ní òun kàn án títí awọ ìka òun fi bó.

Ọmọ mi! Mo rántí Sọ́ńdè yẹn. Ìwọ lo pè wá, o ní aládùúgbò kan ń kan ògiri ṣáá bí ẹni ń kan ìṣó, kò jẹ́ kí o sinmi, ni o bá fi nǹkan dí etí, o sì yí orin sókè. Èmi àti ìyá rẹ bá ọ rẹ́rìn-ín. Mo ní àwọn ará ìlú ńlá kò mọ ìwà hù. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹnu mi yìí náà ni.

Ọjọ́ mẹ́ta ni oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi, o rò pé ọbẹ̀ rẹ ni mi ò fẹ́. Mò ń wò ọ́ bí o ṣe ń rẹ́rìn-ín sí fóònù rẹ, mò ń sọ lọ́kàn mi pé ọmọ tí mo bí kì í ṣe ìkà. Mo ṣì ń sọ ọ́. Ìwọ tí o máa ń sunkún bí a bá ta ewúrẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ padà sílé, mo sọ fún Kamat nínú ọgbà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ní ọmọ mi ló wà lódì kejì ògiri, ó gbọ́, kò mọ̀. Ó fà mí dìde, àwọn yòókù ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, dókítà sọ pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ì bá ṣe. Ó ní, Bàbá Revati, kì í ṣe ẹni tí yóò gbà á là ni mò ń pè, mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan wá jókòó tì wá. Ó ní òun kò bínú, kí n má sọ fún ọ. Mo ṣèlérí fún un, mo sì ti da ìlérí náà báyìí.

Mo bẹ̀ ọ́, lọ síbẹ̀. Má fi fóònù kí i. Ṣe búrẹ́dì pẹlẹbẹ wa, bhakri, méjì, gbé e dání pẹ̀lú ata ẹ̀pà tí ìyá rẹ dì fún ọ, kí o sì jókòó. Má kánjú tọrọ àforíjì. Kọ́kọ́ bi í ní orúkọ ìyàwó rẹ̀, jẹ́ kó sọ ọ́ fún ọ fúnra rẹ̀.

Ní ti owó, bá mi wá ẹgbẹ̀rún kan rúpìì, kí o fi rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì Kolewadi. Má fi sí báǹkì, torí wọ́n ní kí n tẹ àtàǹpàkò mi mọ́ gíláàsì kan, gíláàsì náà wò ó, ó ní òun kò mọ̀ mí, bẹ́ẹ̀ ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí. Owó náà kì í ṣe tèmi, owó ọkọ̀ Bàbá Kamat ni, mo fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fúnra mi. Lóṣù tó ń bọ̀ ọkà bàbà tútù yóò tó sun lóko, gbogbo wa yóò yí iná ká, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ wá. Ìyá rẹ ti fọ kúbùsù tí Bàbá Kamat yóò fi bora sílẹ̀.

Ojú kò ní tì ọ́. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, ọjọ́ tí o bá sì ké pe ènìyàn, Vithoba kò ní jẹ́ kó jẹ́ ògiri nìkan ni yóò gbọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Dagadu Shelar