Àwọn Ará Inú Ikùn Ń Béèrè Rẹ

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ara le, ṣé onílé rẹ ti tún ẹ̀rọ omi yẹn ṣe? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa nílé níbí kò ní gbàgbé ojúlé tí o wà lọ́hùn-ún. Bàbá rẹ kí ọ. Ó ní kí n má kọ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi dúró kó lọ gẹrun kí n tó mú bírò.

O rántí pé gbogbo ọmọ tí abo ẹlẹ́dẹ̀ wa ń bí ló ń kú. Bí a bá ti já wọn lẹ́nu ọmú, tí a kó wọn sí yàrá tiwọn, ìgbẹ́ gbuuru ni, wọ́n á rù, wọ́n á lọ. Dókítà ẹran wá ní oúnjẹ tí mò ń fún wọn ló kúnná jù. Ó ní àwọn ẹ̀dá tín-ín-tín kan wà nínú ìfun wọn tí wọn ò lóǹkà, pé ohun líle tí ikùn ò lè lọ̀ ni oúnjẹ tiwọn, bí ebi bá sì pa wọ́n, ẹran á ṣàìsàn. Ó ní kí n máa po èérí àgbàdo mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Mo bi í pé ṣé wọ́n kọ́lé síbẹ̀ ni, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó gbé awò kan tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wá, ó fi ìgbẹ́ díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó ní kí n wò ó. Ọmọ mi, mo rí wọn. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, bí ẹni tó níbi tó ń lọ. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo wọn dúró. Dókítà ní kí n má mí sí awò òun mọ́, ṣùgbọ́n mi ò mí.

Látìgbà náà ni mo ti ń kan ilẹ̀kùn kí n tó gbé oúnjẹ wọlé, torí ilé onílé ni. Mo máa ń kí àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, mo sì máa ń kí àwọn ará inú ikùn lọ́tọ̀. Bàbá rẹ ní ìgbẹ́ ni mò ń kí. Kó máa wí. Ìgbẹ́ wọn ti le, wọ́n ti sanra, kò sí èyí tó kú. Àmọ́ bí mo bá ti kí wọn tán, wọ́n á dákẹ́ jẹ́ẹ́, ikùn gbogbo wọn á kùn lẹ́ẹ̀kan náà, tèmi á sì dá wọn lóhùn. Ẹ̀rù bà mí gan-an nígbà àkọ́kọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé fóònù ti ikùn ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ tí o pè, kí ẹ lè kí ara yín. O ní ta ló ń pe orúkọ rẹ lẹ́yìn mi. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Mo ti bá ọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú pé o ò dá wọn mọ̀.

Mo wá bi dókítà pé báwo ni wọ́n ṣe ń dé inú ọmọ. Ó ní ara ìyá ni ọmọ ti ń kó wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, àti ẹran àti èèyàn. Ìwọ ni mo rántí. O ní inú ń yọ ọ́ lẹ́nu, o ní búrẹ́dì àti bísíkíìtì lò ń jẹ níbi iṣẹ́. Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, egungun ọrùn rẹ ń yọ, ojú ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí a já lẹ́nu ọmú ni mo rí níbẹ̀. Àwọn tí mo fún ọ wà nínú rẹ, ebi ń pa wọ́n, wọn ò sì mọ ẹnì kankan nílùú yẹn.

Jọ̀ọ́, fi owó èérí àgbàdo ránṣẹ́, kí n ra àpò kan fún àwọn ti ibí, kí n sì fi ọ̀kan rán awakọ̀ sí ọ. Má fi owó náà gba báǹkì. Obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì níbẹ̀, bí mo ṣe kí ikùn rẹ̀, ńṣe ló pe ẹ̀ṣọ́.

Ohun tó o bá jẹ á ṣe ara rẹ lóore. O ò ní rù dànù mọ́ mi lójú. Bí inú rẹ bá sì kùn níbi iṣẹ́, má sọ pé ebi ni. Èmi ni mò ń pè ọ́.

Ìyá rẹ.