Wọ́n Sọ Mí Di Ọmọ Oníbodè

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Èmi ni mò ń sọ ọ́, ìyàwó mi ló ń kọ ọ́. Akọ̀wé ni mo ń pè é. Bí mo bá bú ènìyàn, kó kọ èébú náà bó ṣe rí. A ti dé olú ìlú àtijọ́, ilé ọmọ wa obìnrin. Ọkọ rẹ̀ ló ń mú àlejò káàkiri ibi tí àwọn ọba gbé jayé. Ẹlẹ́nu Oyin — èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò tíì gbọ́.

Ó mú wa lọ sí ààfin. Òkúta, òkúta, òkúta. Gbogbo ilẹ̀ ọlọ́ràá yẹn, òkúta ni wọ́n fi bò ó! Ibùsùn ọba fẹ̀ ju yàrá mi lọ. Ẹ̀yìn ògiri ń rùn fún ìtọ̀. Àwọn tó wá wo ẹwà ló ń tọ̀ síbẹ̀. Mo fọwọ́ dí imú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ilé ìṣọ́ gíga. Mi ò gùn ún. Akọ̀wé gùn ún, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń mí gúlegúle, ó ní mo pàdánù ohun ńlá. Kó wo orúnkún rẹ̀ lálẹ́.

Ọjọ́rú, 5
Bodè àríwá. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Kí n tó mọ̀, àlejò ti ń ya fọ́tò mi. Obìnrin kan fọwọ́ kan irùngbọ̀n mi! Kàkà kí Ẹlẹ́nu Oyin lé wọn, ó ní ìdílé mi ló ń ṣọ́ bodè yìí fún ọba láti ayébáyé, pé èmi nìkan ló kù.

Èmi! Bàbá mi roko àgbàdo títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Kò fojú kan ọba rí. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé ta ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ mí ní tèmi?

Mo bú u. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, ìtàn lásán ni." Mo ní kó lọ gbé bàbá tirẹ̀ wá. Ó ní bàbá òun ò nírùngbọ̀n. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Kó kọ ọ́ pé ó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mi ò jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Ọmọ mi bẹ̀ mí, mo padà lọ sí bodè. Mo jẹ́ kí èrò pé. Mo wá dìde, mo là á mọ́lẹ̀: àgbẹ̀ ni bàbá mi, àgbẹ̀ lèmi náà, irọ́ ni ọkùnrin yìí ń pa. Mo na ọwọ́ mi sí wọn kí wọ́n wo èépá tí ọkọ́ dá sí i.

Ẹlẹ́nu Oyin rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ẹ ò rí i? Wọ́n ti búra. Oníbodè kì í jẹ́wọ́ ara rẹ̀." Àtẹ́wọ́! Obìnrin kan ń sunkún. Mo tutọ́ sílẹ̀ — wọ́n ya fọ́tò itọ́ náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Èyí ló burú jù. Ọmọ mi fúnra rẹ̀. Ọmọ tí bàbá mi ń gbé kọ́ èjìká lọ sóko. Ó dúró ní bodè, ó ń sọ fún àlejò pé bàbá àgbà òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún ọba. Ojú ò tì í. Mo ní, "Ṣé o ti gbàgbé bàbá mi ni?" Ó ní, "Mi ò gbàgbé wọn, Bàbá. Ṣùgbọ́n ta ló máa wá wo àgbẹ̀?"

Ó kó mi nírìíra. Mo ní kí Akọ̀wé di ẹrù wa.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Ọkọ̀ ti kún ní ibùdókọ̀. Awakọ̀ ti rí fọ́tò mi lọ́wọ́ àwọn àlejò tó gbé. "Háà! Bàbá Oníbodè!" Ó lé géńdé kan dìde kúrò lórí àga iwájú fún mi, ó tún wá àyè fún Akọ̀wé. Gbogbo ọkọ̀ ń kí mi. Ìyá kan bi mí bóyá lóòótọ́ ni pé bàbá mi ló ń ṣílẹ̀kùn fún ọba.

Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ọ̀nà jìn.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Oko àgbàdo lọ́tùn-ún, oko àgbàdo lósì. Mo di ojú mi títí a fi délé.